Ìwádìí Àwọn Ọ̀mọ̀wé: Kí Ni Ó Kàn Wá Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, àwa olùkọ́ mélòó kan lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi wá wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Nínú balùwẹ̀ yàrá wa, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri pé kí àlejò jọ̀wọ́ lo aṣọ ìnura rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó gbà á fọ̀, kí omi má baà ṣòfò. Mo wá sọ fún ẹni tí a jọ wà ní yàrá pé mo ti kà á rí pé àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì ní Amẹ́ríkà fi 80 ọjọ́ ka aṣọ ìnura àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n lè mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kọ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ṣé ohun tí wọ́n ń fi ìwé gíga ṣe nìyẹn? Ẹni tí ebi kò pa ni í ka aṣọ ìnura!"

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ nílé wa, tí wọ́n ń retí kí èmi ẹ̀gbọ́n wá sọ tèmi sí i. Bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ aṣọ ìnura yìí síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ó kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

ẸNI TÍ Ó SÙN NÍ YÀRÁ YÌÍ ṢÁÁJÚ RẸ

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Noah Goldstein, Robert Cialdini àti Vladas Griskevicius, ni wọ́n ṣe ìwádìí náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2008. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 190 kan ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n lò. Ìwé oríṣi méjì ni wọ́n pín sí àwọn yàrá. Èkíní bẹ àlejò pé kí ó ran ayé lọ́wọ́, kí ó má jẹ́ kí a fi omi àti iná ṣòfò. Èkejì sọ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àlejò tí ó ti dé sí òtẹ́ẹ̀lì náà ni ó ń lo aṣọ ìnura wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ìwọ náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn tí ń tún yàrá ṣe ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àlejò bá lo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àlejò kò sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Nínú 100 tí ó rí ìwé kìíní, bíi 35 ni ó gbà. Nínú 100 tí ó rí ìwé kejì, 44 ni ó gbà. Wọ́n tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé kan sọ fún àlejò pé àwọn tí ó sùn nínú yàrá yìí gan-an ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bíi 49 nínú 100 gbà, nígbà tí ìwé ẹ̀bẹ̀ àtijọ́ kò rí ju 37 lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Kí ni ó pa ènìyàn pọ̀ mọ́ ẹni tí ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò mọ ojú rẹ̀? Síbẹ̀, ohun tí ẹni yẹn ṣe lágbára lórí rẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà ti mọ èyí tipẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aṣọ òun tà kì í wulẹ̀ sọ pé aṣọ òun dára, yóò ní, "Ìyá oníṣúgà tí ó wà lọ́ọ̀kán yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra méjì lọ nísinsìnyí ni." Kíá, oníbàárà á tú ìdí àpò.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ní ọdún 2014, Gerd Bohner àti Lena Schlüter ti Yunifásítì Bielefeld tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Jámánì. Wọ́n rí i pé ìwé sàn ju àìsí ìwé lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé "àwọn ẹlòmíràn ń ṣe é" kò borí ìwé ẹ̀bẹ̀ lásán níbẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni pé ènìyàn a máa tẹ̀lé ìṣe ẹni tí ó súnmọ́ ọn láìmọ̀. Èkejì ni pé ohun tí a kà ní ibì kan, ó yẹ kí a tún un kà ní ibòmíràn kí a tó fi búra.

ṢÉ DANDAN NI KÍ ỌGBẸ́ GBẸ?

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan rí, Àbẹ̀ní ni a máa ń pè é. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Egbò kan yọ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀, ó sì di àdáàjinná fún bí ọdún méjì. Kò sí ẹni tí ó yà sílé wa tí kò ní oògùn tirẹ̀. Ẹnìkan ní kí a tú kápúsù, kí a da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí i. Ẹnìkan ní kí a fi ewé sísun sí i. Ẹlòmíràn ní kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí oòrùn lójoojúmọ́. Ohun kan ni gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí: ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ẹ bá sì bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ọmọ Lágbájá, tí ó fi jinná." Ẹ kò ha rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sùn ní yàrá yìí ṣáájú rẹ ni?

Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí a tó bí Àbẹ̀ní. Ní ọdún 1962, ọ̀mọ̀wé kan ní London, George Winter, rọra ṣí awọ ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ní pẹlẹbẹ. Ó fi àwọn ọgbẹ́ kan sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, kí wọ́n gbẹ, kí wọ́n sì yọ èépá bí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ó fi ọ̀rá tín-ín-rín bo àwọn mìíràn, kí omi ara má baà gbẹ kúrò lójú wọn. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò, awọ tuntun ń yára bo àwọn tí ó wà lábẹ́ ọ̀rá tó ìlọ́po méjì àwọn tí ó gbẹ.

Ìdí rẹ̀ kò le yé ni. Láti etí ọgbẹ́ ni awọ tuntun ti ń rá wá díẹ̀díẹ̀, ibi tí ó bá tutù ni ó sì lè gbà. Bí èépá líle bá dí ojú ọgbẹ́, awọ tuntun ní láti wá ọ̀nà gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀nà yóò sì jìn fún un. Láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn báńdéèjì òde òní ti wá, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí so ọ̀rá ẹlẹ́kọ mọ́ ọgbẹ́ o! Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kò kúrò níbẹ̀. Ẹ fi omi tí ó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi ohun tí ó mọ́ bò ó, bí ó bá sì jin, tàbí tí ó kọ̀ tí kò jinná, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Oyin ńkọ́? Àwọn baba wa ti ń fi oyin sí ọgbẹ́ láti ìgbà láéláé. Dókítà S. E. E. Efem, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Calabar, kò sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ó kà á ni. Ní ọdún 1988 ó kọ ọ́ jáde pé òun fi oyin tọ́jú ènìyàn 59 tí wọ́n ní ọgbẹ́ àti egbò, tí oògùn ilé ìwòsàn kò sì ti ran èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ènìyàn 58 nínú wọn ni ara wọn yá gidigidi. Ẹyọ kan tí kò gbọ́, wọ́n rí i lẹ́yìn náà pé egbò Buruli ni tirẹ̀, àrùn mìíràn ni ó fà á.

Bí a bá dúró níbẹ̀, gbogbo wa ni ìbá sáré lọ ra oyin. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn ọ̀mọ̀wé kó ènìyàn 368 jọ tí wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ tí ó ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ wá. Wọ́n fi báńdéèjì olóyin sí ti apá kan, wọ́n fi èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sí ti apá kejì. Ní ọdún 2008 wọ́n jábọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ti ọgbẹ́ iná tí kò jin púpọ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a kó jọ ní ọdún 2015 fi hàn pé oyin máa ń mú un jinná ní bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú àwọn báńdéèjì kan tí a ń lò. Ohun tí ó dára fún ọgbẹ́ kan lè má ran ọgbẹ́ mìíràn. Bí iná bá sì jó ọmọ yín, kì í ṣe epo tàbí ẹyin tàbí oyin ni ẹ óò kọ́kọ́ mú. Omi tútù tí ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

INÚ Ẹ̀JẸ̀ NI Ó WÀ

Egbò Àbẹ̀ní kò jinná nítorí pé kì í ṣe awọ ara ni ìdí rẹ̀ wà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń ṣe é, SS ni. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àrùn náà máa ń fà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí ojú àwọn iṣan kéékèèké. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti pè é ní àbíkú, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Ó kú ní ọdún 1999, ó jẹ́ ọmọ ọdún 17.

Kì í ṣe òní ni ayé mọ ìdí àrùn yìí. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé èròjà tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa yàtọ̀ lára àwọn tí ó ní in. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn bí ìyàtọ̀ náà ti kéré tó: ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí a fi tò ó ni ó yí padà. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnìkan ni ó ń gbé AS kiri, tí nǹkan kan kò sì ṣe é.

Ní báyìí, àbúrò mi ọkùnrin mú ọmọbìnrin kan wá sílé. Ọmọ dáadáa ni, olùkọ́ ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: AS ni àbúrò mi, AS ni ọmọbìnrin náà. Mo bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bẹ̀rù. Ìyá Bọ́lá àti bàbá Bọ́lá tí ó wà ní ojúlé kejì sí wa, AS ni àwọn méjèèjì. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, kò sí èyí tí orí fọ́ nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò lóru ọjọ́ tí mo sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Bọ́lá ni ó sùn ní yàrá yìí ṣáájú àbúrò mi!

Nígbà tí mo padà dé, mo mú àpò kékeré méjì lọ sí kíláàsì mi. Mo pe ọ̀kan ní àpò bàbá, mo pe èkejì ní àpò ìyá. Ìwé kéékèèké méjì ni mo fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, A àti S. Ọmọ kan á jáde wá, á di ojú, á mú ìwé kan láti inú àpò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó mú ni ọmọ tí a bí. Yóò dá wọn padà, yóò tún mú, títí yóò fi "bí" ọmọ mẹ́rin. Àwọn kan bí mẹ́rin láìrí SS rárá, wọ́n ń fò sókè. Àwọn kan rí ẹyọ kan, àwọn kan rí méjì. Ọmọbìnrin kan mú S àti S ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà a jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Èyí kò túmọ̀ sí pé bí mẹ́ta bá ti yè, ẹ̀kẹrin ni yóò kàn. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a tún ń ti ọwọ́ bọ àpò. Bí 100 ìdílé bẹ́ẹ̀ bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, bíi 32 ni kò ní í rí SS kankan. Bíi 68 yóò rí ọ̀kan, ó kéré tán. Ìyá Bọ́lá wà nínú 32. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, orí rẹ̀ ni ó sunwọ̀n.

ỌLẸ̀ TÍ KÒ TÓ ORÍ ABẸ́RẸ́

Àbúrò mi ní òun gbọ́ pé àwọn dókítà ti lè yẹ ọmọ wò kí ó tó wọ inú ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n á gba ẹyin lára obìnrin, wọ́n á jẹ́ kí àtọ̀ ọkọ bá a pàdé nínú àwo ní yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ kẹta, ọlẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lọ, kò tó orí abẹ́rẹ́. Wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀, wọ́n á yẹ àbùdá rẹ̀ wò. Lóde òní, nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń dúró dè, kí wọ́n lè mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti apá tí yóò di ibi ọmọ. Ọlẹ̀ tí kì í ṣe SS ni wọ́n á gbé sínú ìyá.

Ní London ni Alan Handyside àti Robert Winston pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kọ́kọ́ jábọ̀ oyún tí ó ti ọ̀nà yìí wá, ní ọdún 1990. Ní ti fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn dókítà Yunifásítì Cornell ní New York jábọ̀ nípa tọkọtaya kan tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Ìgbà àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Ìgbà kejì, ìyàwó lóyún, ó sì bí ìbejì tí àrùn náà kò sí lára wọn. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, ọdún tí a sin Àbẹ̀ní.

Ṣùgbọ́n mo sọ òdodo fún àbúrò mi. Owó rẹ̀ pọ̀ ju owó oṣù olùkọ́ méjì lọ fíìfíì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọlẹ̀ tí a gbé sínú ìyá ń dúró, bí ti New York àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò náà sì lè ṣèèṣì, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Mo tún kìlọ̀ fún un nípa àwọn tí ń polówó pé àwọn lè tún àbùdá ọmọ ṣe. Ẹni tí ó ń yan ọlẹ̀ kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń tún àbùdá ṣe ń yí ohun tí ọmọ ọmọ yóò jogún padà. Ní ọdún 2018, He Jiankui ní ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé òun ti yí àbùdá ìbejì kan padà láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ilé ẹjọ́ ní Ṣáínà sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ní ọdún 2019.

Ìyá wa jókòó, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí àbúrò mi fi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́lá. Nígbà náà ni ó ní, "Ọmọ mi, Ìyá Bọ́lá nìkan kọ́ ni ó wà ládùúgbò yìí. Èmi náà wà níbẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní ni mí."

Ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí ìwádìí, n kò tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan dára fún ni a máa ń tọ́ka sí; ẹni tí kò dára fún, inú yàrá ni ó ń sunkún sí. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, ì báà jẹ́ aṣọ ìnura ni ó ń kà, tàbí ọgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, tàbí ọlẹ̀, ni pé kí ó ka àwọn méjèèjì pọ̀.

Àbúrò mi àti ọmọbìnrin náà ti sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú. Wọ́n jọ lọ rí àwọn onímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. N kò pàṣẹ fún wọn, n kò sì ní í pàṣẹ. Ìpinnu wọn ni, wọ́n sì ń sunkún sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àpò méjì àti ìwé mẹ́rin kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi han àwọn ọmọ kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó mú àfẹ́sọ́nà wálé, nítorí pé ìbéèrè rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju ọjọ́ ìdána lọ. Èmi náà, AS ni mí. Kí n tó dẹnu kọ ìyàwó mi ni mo ti bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ó rán mi ní ìwé àyẹ̀wò: AA.